Ọmọdé Ti Ní Àkísà Ju Àgbà Lọ: Aṣọ Àwọ̀sọnù àti Àwa Oníṣẹ̀ṣe



Àlàyé ẹsẹ Ifá ni ẹ máa ń bá lọ́wọ́ mi. Ti òní yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo gbé wá, mo sì mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú. Ẹni tí ó bá bí nínú, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó fi sùúrù kà á dé òpin kí ó tó dá mi lẹ́bi.

Ní àìpẹ́ yìí ni àwa olùsìn péjọ ní Ayétòrò níhìn-ín láti jíròrò lórí ọdún Ifá. Ohun tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa kì í ṣe ẹbọ, kì í ṣe obì, kì í sì í ṣe ẹni tí yóò sun ìyẹ̀rẹ̀. Àǹkóò ni. Wọ́n fi àwòrán aṣọ kan hàn wá nínú fóònù: aṣọ funfun tí ó ń dán, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán ọpọ́n Ifá sí lára, tí owó rẹ̀ kò sì ju owó adìẹ kan lọ. Mo béèrè pé, "Àǹkóò èṣí ńkọ́?" Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa wí pé, "Bàbá, ti èṣí kẹ̀? A ti fi nulẹ̀."

Mo délé, mo ṣí àpótí aṣọ mi. Mo ka àǹkóò mẹ́jọ tí n kò wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Òmíràn ti tú lójú rírán, funfun òmíràn ti di ràkọ̀ràkọ̀. Lábẹ́ gbogbo wọn ni agbádá òfì bàbá mi wà, èyí tí wọ́n ti hun kí wọ́n tó bí mi. Mo gbé e wọ̀. Kò ya, kò sì ṣá dé ibi tí ojú yóò fi tì mí láti wọ̀ ọ́ jáde. Inú mi kò dùn, nítorí mo rí i pé èmi náà wà lára àwọn tí mo fẹ́ bá wí.

Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ jẹ́ kí a tún òwe náà wò. Àwọn àgbà kò fi àkísà ṣẹ̀sín nínú rẹ̀. Wọ́n fi ń yangàn ni. Àkísà àgbà ni ẹ̀rí pé ó ti pẹ́ láyé, pé aṣọ tí ó rà nígbà èwe bá a dàgbà, pé ara rẹ̀ ni ó gbó sí, kì í ṣe orí ààtàn. Lónìí, ọmọ ọdún méjìdínlógún ti ní àkísà ju bàbá bàbá rẹ̀ lọ. Aṣọ náà kò gbó; a kàn sọ ọ́ di àkísà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé ni. Aṣọ àwọ̀sọnù ni mo pè é. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì ju ẹyọ kan lọ: aṣọ àwọ̀sọnù lòdì sí gbogbo ohun tí a ń bọ, àwa oníṣẹ̀ṣe ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ yọ ọwọ́ wa kúrò nínú rẹ̀.

Aṣọ nínú ìsìn wa

Ilẹ̀ Yewa ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé ní ọdún 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní ọdún 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ère orí rẹ̀ ni àwọn àlejò máa ń tẹjú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo aṣọ tí ó wà lábẹ́ ère náà. Aṣọ yíyá ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀: gèlè ìyàwó ilé, ìró ìyá àgbà, ọ̀já tí a fi pọn ọmọ. Àwọn obìnrin ìlú ni ó ń yá onígẹ̀lẹ̀dẹ́ ní aṣọ wọn. Bí ijó bá parí, aṣọ a padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín. Ọ̀já tí ó ti gbé ọmọ mẹ́ta dàgbà ni a fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Kò sí ẹni tí ó sọ fún àwọn baba wa pé àfi kí wọ́n ra tuntun nítorí ijó ọjọ́ kan.

Ẹ wo ẹ̀kú Egúngún pẹ̀lú. Ìdílé a máa fi aṣọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ti àtijọ́ kì í kúrò níbẹ̀. Nínú ẹ̀kú kan ṣoṣo ni ènìyàn ti lè rí aṣọ ìgbà bàbá àti aṣọ ìgbà bàbá ńlá. Èyí tí ó gbó jù níbẹ̀ ni ó níyì jù, nítorí òun ni ó ti bá ará ọ̀run rìn pẹ́ jù.

Ẹ sì rántí Ìyá Mapó, òrìṣà tí àwọn aláró àti amọ̀kòkò mọ̀ ní ìyá iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ aró ní òrìṣà tirẹ̀ nítorí pé àwọn ìyá wa mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ẹni tí ó bá ra aṣọ láìbìkítà nípa ọwọ́ tí ó ṣe é, ó ti rìn kọjá níwájú ojúbọ láìkí i.

Béèlì tí ó ń gba ẹnubodè wọlé

Ọ̀nà tí ó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìmẹ̀kọ gba Ayétòrò kọjá. Níwájú Ìmẹ̀kọ ni Ìlárá wà. Bí ènìyàn bá ré Ìlárá kọjá, Kétu ti ilẹ̀ Benin ni ó kàn. Àwa ará Yewa mọ ohun tí ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé, òkìrìkà sì wà lára rẹ̀. Òfin Nàìjíríà kò fàyè gba aṣọ àlòkù láti òkè òkun. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀. Síbẹ̀, èbúté Kútọnu ń gbà á wọlé, ọjà Missèbo ní ìlú náà sì kún fún un. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè orí ilẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Ní tèmi, n kò rí ọjọ́ kan tí òkìrìkà tán lọ́jà wa.

Àbúrò ìyá mi kan wà nínú òwò yìí. Ẹni tí ó bá ra béèlì kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí ó tó sanwó, nítorí pé dídì ni ó ti òkè òkun wá. Bíi tẹ́tẹ́ ni. Ní ọjọ́ kan mo bá a tú ọ̀kan. Èyí tí ó dára ni a kó sí apá ọ̀tún, èyí tí a lè gé fún ìnulẹ̀ ni a kó sí àárín, èyí tí kò wúlò fún nǹkan kan ni a jù sí apá òsì. Apá òsì ga ju ọ̀tún lọ. Ẹ̀wù tí òógùn ti jẹ lábíyá wà níbẹ̀, ṣòkòtò tí síìpù rẹ̀ ti já wà níbẹ̀, aṣọ ọmọdé tí ó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá wà níbẹ̀. Ìyá náà jókòó, ó káwọ́ lérí, ó ní, "Tẹ́lẹ̀ rí, òkìrìkà a máa pẹ́ lára ju tuntun lọ. Ní báyìí, ìdọ̀tí wọn ni wọ́n ń kó wá, àwa ni a sì ń sanwó ìdọ̀tí."

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ kó ti apá òsì lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ó ṣáná sí i. Kò jó bí òwú ti ń jó. Ó ń yọ́, ó ń rú èéfín dúdú, èyí tí kò jó tán nínú rẹ̀ sì le mọ́ ilẹ̀ bí ike.

Ohun tí mo rí ní etí odò wa, ó wà ní Accra ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àjọ The Or Foundation, tí ó ń bá àwọn oníṣòwò ọjà Kantamanto ṣiṣẹ́, ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 ẹ̀wù ni ó ń wọ ọjà náà lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Orúkọ tí àwọn ará Gánà sọ ọ́ ni obroni wawu, ìyẹn aṣọ òyìnbó tí ó ti kú. Lójú ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ, kò sí ẹni tí yóò fi aṣọ tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ àfi bí ó bá kú. Àwọn ọmọbìnrin tí à ń pè ní kayayei, tí púpọ̀ nínú wọn ti àríwá Gánà wá, ni ó ń fi orí ru béèlì tí ìwọ̀n rẹ̀ tó kílò 55. Èyí tí kò bá tà a gba ààtàn lọ, a gba ọ̀sà Korle lọ, a sì gba etí òkun lọ, níbi tí aṣọ ti lọ́ pọ̀ mọ́ra bí okùn nínú iyanrìn. Ní òru ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2025, iná jó apá ńlá nínú ọjà náà, ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì pàdánù ohun tí wọ́n ní.

Ta ni a fi rúbọ?

Àwọn tí ó kórìíra ìṣẹ̀ṣe a máa fi ọ̀rọ̀ kan gún wa lójú, pé àwọn baba wa fi ènìyàn rúbọ. Ó dára. Èmi náà ní ìbéèrè kan fún gbogbo wa, oníṣẹ̀ṣe, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí: ta ni a fi rúbọ kí ẹ̀wù kan tó lè jẹ́ owó adìẹ kan?

Ní Savar, nítòsí Dhaka ní ilẹ̀ Bangladesh, ilé alájà mẹ́jọ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rana Plaza. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, ògiri ilé náà lanu. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tí ó wà nínú rẹ̀ kúrò, wọn kò sì padà. Àwọn aránṣọ ni wọ́n pàṣẹ fún pé kí ó padà wá síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 24, ilé náà wó lé wọn lórí. Ènìyàn 1,134 ni ó kú, àwọn tí ó fara pa sì lé ní 2,000. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Lára àwọn ilé ìtajà tí wọ́n ń ránṣọ fún níbẹ̀ ni Primark, èyí tí àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ bí ẹni mowó. Oṣù márùn-ún péré ṣáájú èyí, ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, iná ti pa ènìyàn tí ó lé ní 100 ní ilé iṣẹ́ aṣọ Tazreen, nítòsí Dhaka kan náà.

Bí Ifá bá yan ẹbọ, a mọ ohun tí a fi rú u, a mọ ẹni tí a rú u fún, a sì mọ ìdí rẹ̀. Nínú àwọn tí ó wọ ẹ̀wù Rana Plaza, ta ni ó mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú 1,134 yìí? Owó tí ẹ̀wù náà kò gbà lọ́wọ́ wa kò ṣègbé. Ẹlòmíràn ni ó san án.

Nílé wa pẹ̀lú, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tiwa. Ilé iṣẹ́ Kaduna Textiles tí ìjọba Àríwá dá sílẹ̀ ní ọdún 1957 kógbá sílé ní ọdún 2002. Ní Ìsọlọ̀ ní Èkó, ilé iṣẹ́ aṣọ ni Aswani nígbà kan. Lónìí, bí a bá dárúkọ Aswani, ọjà ni ọkàn ènìyàn ń lọ sí, òkìrìkà sì wà lára ohun tí à ń lọ rà níbẹ̀. N kò sọ pé aṣọ àlòkù nìkan ni ó pa àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí. Àìsí iná mànàmáná àti àìdára ìṣàkóso wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta kí ẹ wo ìyá tí ó fi ọwọ́ di àdìrẹ, tí ó rẹ ẹ́, tí ó sá a. Nítòsí rẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń ta aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí lára ní Ṣáínà. Oníbàárà a sì máa bi ìyá aláró pé, "Kí ló dé tí tiyín fi wọ́n?" Tirẹ̀ kò wọ́n. Èkejì ni wọ́n ti fi ìyà ẹlòmíràn dín owó rẹ̀ kù.

Àwọn òrìṣà omi ń wò wá

Wọ́n ṣírò pé omi tí ó ń lọ sórí ẹ̀wù òwú kan ṣoṣo, láti oko títí dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á, tó lítà 2,700. Láàárín Kazakhstan àti Uzbekistan, adágún omi kan wà tí ó jẹ́ ìkẹrin nínú èyí tí ó tóbi jù láyé nígbà kan rí, Aral ni orúkọ rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni wọ́n ti ń darí omi àwọn odò tí ń ṣàn sínú rẹ̀ lọ sí oko, òwú sì ni olórí ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀. Adágún náà gbẹ títí ọkọ̀ ojú omi fi jókòó sórí iyanrìn. Bí odò bá lè kú nítorí òwú, kí ni ẹ rò pé aṣọ tí kì í ṣe òwú rárá yóò ṣe?

Polyester ni aṣọ funfun tí ń dán yẹn. Láti ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ike tí a fà di òwú ni. Ó ti lé ní ìdajì gbogbo fọ́nrán aṣọ tí ayé ń ṣe lónìí. Nígbàkígbà tí a bá fọ̀ ọ́, fọ́nrán kéékèèké tí ojú kò rí a máa já bọ́ sínú omi, ẹja a sì máa gbé e mì. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: a wọ ike funfun lọ bọ Yemọja, a fọ ike náà sínú odò Ògùn tí ó jẹ́ odò Yemọja, a tún wá ń pe ara wa ní ọmọ Yemọja. Ìyá wo ni ọmọ ń bọ́ ní ike?

Ọwọ́ àwa tí à ń ṣe tiwa náà kò mọ́ tán. Aró òde òní kì í ṣe ẹ̀lú nìkan mọ́. Caustic soda wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, omi rẹ̀ a sì máa ṣàn gba gọ́tà lọ sínú odò. Ẹni tí ó bá ń bá ayé wí kò gbọdọ̀ fi ilé ara rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tí yóò ta kò mí

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n yóò ní, "Bàbá, tálákà ńkọ́? Òkìrìkà ni ó bò wá láṣìírí." Òótọ́ ni. N kò bá tálákà jà. Ẹni tí ó ra ẹ̀wù àlòkù kan, tí ó wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí ó lẹ̀ ẹ́, tí ó tún fà á lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ṣe ohun tí àwọn baba wa ṣe. N kò bá àbúrò ìyá mi jà pẹ̀lú. Òwò náà ni ó fi rán ọmọ rẹ̀ níléèwé. Àwọn tí mo ń bá jà ni àwọn tí ń ṣe aṣọ tí wọ́n mọ̀ pé kò ní pẹ́, kí a lè tètè padà wá ra òmíràn. Mo sì ń bá àwa tí a ní ẹ̀wù tí ó tó jà, àwa tí a ṣì ń rà nítorí àwòrán tí a fẹ́ gbé sórí Facebook.

Wọ́n yóò tún ní, "Àǹkóò ni ìṣọ̀kan wa." Ṣé aṣọ èṣí kò lè so wá pọ̀ ni? Bí ìṣọ̀kan wa bá ń gbó lọ́dọọdún, kò sí nínú aṣọ.

Gbogbo ọmọ Awo ni ó mọ ìtàn Ìwà, aya Ọ̀rúnmìlà, tí ó fi ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó lọ, iyì Ọ̀rúnmìlà bá a lọ, ó sì di ẹni tí ń wá a kiri láti ilé dé ilé. Àwọn babaláwo kọ́ wa pé ọmọ Sùúrù ni Ìwà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún ọ̀rọ̀ wa òní kò ṣòro. Ẹni tí ó bá lé Sùúrù jáde, kò lè rí ọmọ rẹ̀ mú dání. Òfì jẹ́ ọmọ sùúrù, àdìrẹ jẹ́ ọmọ sùúrù, lílẹ aṣọ tí ó ya jẹ́ ọmọ sùúrù. Aṣọ àwọ̀sọnù kò mọ Sùúrù rí. Bí a bá fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ lọ síwájú Ifá, a wọṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ìwà kò sí nílé.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí

Ìṣẹ̀ṣe a máa bọ́ sí ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu kò níbi gbogbo tí a ti ń ṣe é pé a kò ní dá àǹkóò tuntun mọ́ àfi lẹ́yìn ọdún méje. Kí funfun wa jẹ́ òwú. Kí owó tí a bá fi pamọ́ lọ sọ́dọ̀ ahunṣọ Ìṣẹ́yìn tàbí aláró Ìtòkú, kí ó ṣe ẹyọ kan tí yóò pẹ́. Kí a gbé aṣọ tí ó ya lọ bá télọ̀ àdúgbò kí a tó sọ pé ó ti bàjẹ́. Kí ó sì di èèwọ̀ láàárín wa láti da aṣọ sínú odò tàbí láti sun ún ní etí rẹ̀.

Mo ti sọ èyí níwájú ìpàdé wa. Àwọn méjì gbà, àwọn yòókù ní àwọn ti san owó ìṣáájú. Ọdún Ifá ń bọ̀, n óò sì wọ àǹkóò èṣí, èyí tí ó ti di ràkọ̀ràkọ̀ yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni yóò dá yàtọ̀ nínú àwòrán, kí wọ́n yà mí bẹ́ẹ̀. Mo ti dàgbà tó láti ní àkísà.